ÒDIWỌ̀N TÍ ÈNÌYÀN FI LÉ ARA RẸ̀: Ẹ̀kọ́ láti ara ẹja bass

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹja ni, ẹja òkun ìlú òyìnbó pẹ̀lú. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹja ni a óò máa sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó di ẹja náà mú ni a ń bá wí.

ÌFÁÁRÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó dúró létí òkun ní gúúsù England ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2010. Ọ̀pá ìwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. Kì í ṣe apẹja tí ó ń ta ẹja jẹun. Iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀, ìsinmi ni ó bá dé etí òkun. Okùn ìwọ̀ mì, ó fà á, ẹja bass kan sì jáde. Ó tẹ́ ẹ lé orí rúlà, ó rí i pé ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38. Òfin ìgbà náà sọ pé bass tí ó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 36 ṣe é gbé lọ sílé. Ọlọ́pàá kò lè mú un nítorí ẹja yìí, adájọ́ kò sì lè dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ọkùnrin náà yọ ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja, ó sì dá a padà sínú omi.

Kí ló dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé kò fẹ́ràn ẹja ni? Àbí òmùgọ̀ ni? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

KÍ NI ÒDIWỌ̀N ẸJA?

Òdiwọ̀n ẹja ni gígùn tí ẹja gbọ́dọ̀ tó kí ẹni tí ó mú un tó lè gbé e lọ. Láti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun ìrù rẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò bá tó, a óò dá a padà sínú omi. Oríṣi òdiwọ̀n méjì ni ó wà:

(1) Òdiwọ̀n òfin. Èyí ni ìjọba gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san owó ìtanràn.

(2) Òdiwọ̀n àtinúwá. Èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníwọ̀, tàbí ẹnì kan ṣoṣo, fi lé ara rẹ̀. Ó lè ju ti òfin lọ, ó sì lè jẹ́ fún ẹja tí òfin kò tilẹ̀ dárúkọ. Kò sí ìtanràn fún ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé òdiwọ̀n òfin nìkan ni ó ní agbára. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí tí ìjọba ṣe fi hàn pé ènìyàn bí 884,000 ni ó fi ìwọ̀ pẹja lókun ní England ní 2012. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀pá ìwọ̀ mú bass létí òkun níbẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ni yóò tó láti dúró ti 884,000 ọ̀pá ìwọ̀, lọ́sàn-án àti lóru, lórí àpáta àti lórí iyanrìn? Nítorí náà, òfin gan-an fúnra rẹ̀ gbára lé ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó mú ọ̀pá dání. Bí ọkàn kò bá gbà á, ìwé lásán ni òfin létí òkun.

ÌGBÉSÍ AYÉ ẸJA BASS

Kí a tó mọ ìdí tí òdiwọ̀n fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí a mọ ẹja náà fúnra rẹ̀. Bass jẹ́ ẹja fàdákà ara, ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn, tí ó wà lókun láti Norway títí dé etí òkun Senegal, àti nínú òkun Mẹditaréníà. Ẹran rẹ̀ dùn, owó rẹ̀ sì wọ́n lọ́jà. Àwọn oníwọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí pé ó lágbára, ó sì máa ń súnmọ́ etí òkun níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

Ní apá òkun England, nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni bass máa ń yé ẹyin sínú omi, lójú agbami. Ìṣàn omi á gbé ọmọ rẹ̀ wá sí etí ilẹ̀, wọn á sì wọ ẹnu odò, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni ilé ìtọ́jú wọn. Wọn á lo ọdún mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n tó bá àwọn àgbà wọn lọ. Láti 1990 ni òfin ti ya irú àwọn ẹnu odò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní England àti Wales, kí a má baà máa fi ọkọ̀ ojú omi pa ọmọ bass níbẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: bass kì í tètè dàgbà. Ó lè lò ju 20 ọdún lọ láyé. Akọ rẹ̀ tètè gbó ju abo lọ. Akọ á ti gbó kí ó tó dé sẹ̀ǹtímítà 36, ṣùgbọ́n abo kì í sábà gbó títí yóò fi tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 42, nígbà tí ó bá ti tó bí ọdún mẹ́fà. Abo tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ kò tíì yé ẹyin rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

ÀLÀFO LÁÀRIN 36 ÀTI 42

Ní 1990 ni wọ́n gbé òdiwọ̀n òfin fún bass dé sẹ̀ǹtímítà 36. Sẹ̀ǹtímítà 32 ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀síwájú ni èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Bí abo bass kò bá gbó títí yóò fi tó 42, tí òfin sì ní kí a máa mú un láti 36, òfin ń yọ̀ǹda kí a pa ìyá kí ó tó di ìyá. Ẹja tí kò yé ẹyin rí ni ó ń wọ inú apẹ̀rẹ̀, tí ó ń wọ inú ìkòkò, láìrú òfin kankan.

Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ àgbàdo irúgbìn rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀? Kò jalè, oko rẹ̀ ni, àgbàdo rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ yóò bi í léèrè.

Ìdí nìyí tí ọkùnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa fi dá bass 38 rẹ̀ padà. Kò bi òfin léèrè. Ara ẹja náà ni ó bi léèrè, ara ẹja sì dáhùn pé, “N kò tíì bímọ rí.”

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Láti 36 dé 42, gígùn ẹja fi ìdá kan nínú mẹ́fà pọ̀ sí i, nítorí pé 6 ni a fi kún 36. Ṣùgbọ́n ẹja kì í gùn lásán. Ó ń gbòòrò, ó sì ń ki pẹ̀lú. Bí ìrísí rẹ̀ kò bá yí padà, ìwúwo rẹ̀ yóò lọ láti 6×6×6 dé 7×7×7, ìyẹn ni láti 216 dé 343. Ẹ wò ó: gígùn fi ìdá kan nínú mẹ́fà pọ̀ sí i, ẹran rẹ̀ sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí a lérò lọ? Rárá, ẹ má jẹ́ kí a kánjú. 343 yọ 216 kù 127. 127 ju ìdajì 216 lọ. Èyí ni pé ẹja náà fi ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ àtijọ́ sanra sí i. Ẹni tí ó bá ní sùúrù ọdún kan tàbí méjì yóò rí ẹran púpọ̀ sí i, ẹja náà á sì ti yé ẹyin. Bí abo bá sì ṣe ń tóbi sí i ni ẹyin rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Abo bass ńlá kan lè yé ẹyin ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, àwọn oníwọ̀ kan kì í dá kékeré nìkan padà, wọ́n ń dá ìyá ńlá padà pẹ̀lú, wọ́n á sì mú èyí tí ó wà láàrin.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní 1973 ni àwọn oníwọ̀ kan ní Britain dá ẹgbẹ́ Bass Anglers' Sportfishing Society sílẹ̀ nítorí ẹja yìí nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń bẹ ìjọba pé kí òdiwọ̀n òfin kọjá 36. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ púpọ̀ kò dúró de ìjọba. Wọ́n ti ń lo òdiwọ̀n tiwọn. Nínú ìdíje pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ẹja kí wọ́n tó gbé e lórí ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yí i padà: wọ́n á wọn gígùn ẹja, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì dá a padà láàyè.

Ní 2006, ìjọba England kéde pé òdiwọ̀n yóò di sẹ̀ǹtímítà 40 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Inú àwọn oníwọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi àwọ̀n pa bass tà yarí, wọ́n ní àdánù rẹ̀ yóò pọ̀ fún àwọn. Nígbà tí ó di 2007, mínísítà mìíràn fagi lé e. 36 ni ó sì wà.

Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Láti 2008, fún ọdún mélòó kan, ọmọ bass tí ó yè kò pọ̀ mọ́. Pípa kò sì dínkù. Àgbà ẹja ń lọ, ọmọ kò rọ́pò wọn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹja òkun ní Yúróòpù kìlọ̀ pé kí a dín bass pípa kù gidigidi ní 2015. Ìgbà yìí ni òfin wá ń sáré. Ní 2015, wọ́n fi òfin de àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n lójú agbami ní àkókò tí bass ń yé ẹyin. Wọ́n sọ pé ẹja mẹ́ta péré ni oníwọ̀ kan lè mú lójúmọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2015, òdiwọ̀n òfin di sẹ̀ǹtímítà 42.

Kò parí síbẹ̀. Ní 2016, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, oníwọ̀ kò gbọdọ̀ gbé bass kankan lọ sílé. Fún oṣù mẹ́fà tí ó kù, ẹyọ kan lójúmọ́ ni. Ní 2018, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó lè mú ẹyọ kan náà. Ẹni tí kò fẹ́ gba 40 ní 2007 wá gba òfo ní 2016. Lẹ́yìn ìgbà náà ni bass bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń tú òfin náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ọjọ́ méjì yìí síwájú yín. Ọkùnrin létí òkun ti ń lo 42 lóru ọjọ́ kan ní 2010. Òfin dé 42 ní 2015. Ọdún márùn-ún ni òfin fi wà lẹ́yìn ẹ̀rí ọkàn ẹnì kan.

OHUN TÍ ÀTINÚWÁ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ó yẹ kí a sọ òdodo. Àwọn tí ń dá ẹja padà láti ọkàn wá kò lè dá bass dúró kí ó má dínkù. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹja tí ẹnì kan dá padà lóru lè bọ́ sínú àwọ̀n ẹlòmíràn ní òwúrọ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe àwáwí pé, “Bí n kò bá gbé e, ẹlòmíràn yóò gbé e.” Kí ni èsì wa?

(1) “Ẹlòmíràn yóò gbé e” kì í ṣe òtítọ́ nípa gbogbo ẹja. Òmíràn yóò yè, yóò sì yé ẹyin. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá pa, a ti mọ òpin tirẹ̀ dájú.

(2) Ẹni tí ó ti ń ṣe ohun tí ó ń bẹ ìjọba fún ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn oníwọ̀ béèrè fún òdiwọ̀n tí ó ga, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n fẹ́ di ẹrù náà lé lórí.

(3) Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òfin lè dá ọwọ́ dúró. Kò lè kọ́ ọwọ́ ní ìtẹ́lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò ṣe é fi sílẹ̀. Ní Ireland, láti 1990 ni wọ́n ti fi òfin de pípa bass tà fún àwọn ọkọ̀ ìpẹja wọn. Nígbà náà lọ́hùn-ún, oníwọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹja méjì lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 40, wọn kò sì gbọdọ̀ mú un rárá láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ìgbà tí àwọn aládùúgbò wọn wà lórí 36, wọ́n ti fi 40 ṣe òfin. Òfin àti ọkàn, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ni wọ́n.

ÒDIWỌ̀N KAN KÒ BÁ GBOGBO ẸJA MU

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé kí a ṣáà dá kékeré padà kí a gbé ńlá ti tó. Ẹja kan wà láàrin àpáta etí òkun Britain tí wọ́n ń pè ní ballan wrasse. Abo ni gbogbo wọn nígbà tí a bí wọn. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, díẹ̀ nínú wọn á yí padà di akọ. Bí a bá ń kó gbogbo ńlá inú wọn, akọ ni a ń kó tán. Irú ẹja báyìí ń fẹ́ òdiwọ̀n ìsàlẹ̀ àti òdiwọ̀n òkè: kékeré á padà, ńlá á padà. Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé ìmọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú inú rere. Ẹni tí ó fẹ́ ṣàánú ẹja láìmọ ìgbésí ayé rẹ̀ lè pa á run pẹ̀lú àánú náà.

BÍ A ṢE Ń DÁ ẸJA PADÀ

Ẹja tí a jù sómi tí ó sì kú lẹ́yìn wákàtí kan, a kò dá a padà. Nítorí náà:

(a) Kí a lo ìwọ̀ tí a ti tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó lè tètè yọ.
(b) Kí a má jẹ́ kí ẹja gbé ìdẹ mì dé ọ̀fun. Bí ó bá gbé ìwọ̀ mì jìnnà, kí a gé okùn rẹ̀, kí a má fi ipá fà á.
(d) Kí a fi omi rẹ ọwọ́ wa àti rúlà kí a tó fi kan ẹja. Ohun yíyọ̀ tí ó bo ìpẹ́ rẹ̀ ni ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn.
(e) Kí a má fi ìka kan ibi pupa tí ó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.
(ẹ) Kí a ṣe é kíákíá. Kí a di ẹja mú jẹ́ẹ́jẹ́ nínú omi títí yóò fi fúnra rẹ̀ wẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó LÈ WÁ SÍ YÍN LỌ́KÀN

Ẹnì kan lè béèrè pé: Ṣé ó dára kí Mùsùlùmí máa fi ìwọ̀ gún ẹja ṣeré? Ẹja òkun hálààlì ni fún ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa dá ẹranko lóró fún eré lásán, tí kò ní in lọ́kàn láti jẹ ẹ́, àwọn onímọ̀ wa kò fi ojú rere wò ó. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín ni ti ẹni tí ó wá ẹja jíjẹ, tí ó dá èyí tí kò tíì gbó padà, tí ó sì ká okùn rẹ̀ nígbà tí ó bá ti rí èyí tí yóò tó ilé rẹ̀ jẹ.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé: Kí ni ti wa nínú bass òyìnbó? Èkíní, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé ní Britain. Ẹni tí ó bá mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ sí etí òkun níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé 42 ni òdiwọ̀n òfin fún bass, àti pé iye tí a lè mú lójúmọ́ àti oṣù tí a lè mú un máa ń yí padà. Kí ó béèrè kí ó tó lọ. Èkejì, kí a má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí bú apẹja Ìlàjẹ tàbí ti Ẹ̀pẹ́ tí ó ń fi àwọ̀n wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìsinmi ni ẹja jẹ́ fún ọkùnrin inú ìtàn wa. Bí ó bá dá a padà, ebi kò ní pa ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó ní yíyàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi òdiwọ̀n lé ara rẹ̀.

ÌPARÍ

Òfin ni ìsàlẹ̀ pátápátá ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ènìyàn, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí 36 kò jẹ̀bi òfin. Ṣùgbọ́n láàrin 36 àti 42 ni a ti ń mọ ẹni tí ó ń ro ti ọ̀la. Níbẹ̀, lóru, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, ọwọ́ nìkan ni ó wà pẹ̀lú ẹja. Kí olúkúlùkù wa wo iṣẹ́ tirẹ̀, ọjà tirẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kí ó sì wá ibi tí 36 àti 42 tirẹ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin òdiwọ̀n òfin àti òdiwọ̀n àtinúwá?
2. Kí ló dé tí sẹ̀ǹtímítà 36 kò fi tó fún abo bass?
3. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2006, 2007 àti 2015. Ta ni ó jẹ àǹfààní ìdádúró náà, ta ni ó sì jìyà rẹ̀?
4. “Bí n kò bá gbé e, ẹlòmíràn yóò gbé e.” Fún ọ̀rọ̀ yìí ní èsì tìrẹ.
5. Kí ló dé tí kíkó ńlá àti dídá kékeré padà fi lè ba ballan wrasse jẹ́?